Yàrá, Ọbẹ̀ àti Àpilẹ̀kọ: Àwọn Ọmọ Yorùbá tí ó Lépa Oyè ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1922

Ní ọdún 1934, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe onígbọ̀wọ́ ilé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní Doughty Street, ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù. Aggrey House ni wọ́n sọ ọ́. James Emman Kwegyir Aggrey tí wọ́n fi sọrí jẹ́ ọmọ Anomabu ní Gold Coast, olùkọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Áfíríkà, igbákejì ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ Achimota. Ohun tí àwọn tí ń sọ ìtàn ilé náà kì í sábà mẹ́nu bà ni bí ikú Aggrey fúnra rẹ̀ ṣe wáyé. Ní 1927, ó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó padà sí Yunifásítì Columbia ní New York láti parí àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, ó sì kú sí ìlú náà ní oṣù keje ọdún kan náà kí iṣẹ́ ọ̀hún tó parí. Ẹni tí ó kú sẹ́nu oyè ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé tí àwọn tí ń lépa oyè yóò máa gbà wọlé. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó yan orúkọ náà wò ó bẹ́ẹ̀.

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ó bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu. Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n máa ń sọ: ẹgbẹ́ tí wọ́n dá, ìwé ẹ̀hónú tí wọ́n kọ, àwọn tí ó di olórí orílẹ̀-èdè lára wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣé jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lépa oyè nílẹ̀ òkèèrè rí mọ̀ pé kì í ṣe òmìnira orílẹ̀-èdè ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá jí láàárọ̀. Ohun tí ó ń bá jí ni owó yàrá ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, oúnjẹ tí kò lọ lẹ́nu, lẹ́tà ilé tí ó pẹ́ lọ́nà, àti ìwé tí ó ń kọ láìmọ ẹni tí yóò kà á. Báwo ni àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ṣe pinnu ìmọ̀ nípa Yorùbá tí ó dé ọwọ́ wa lónìí, àti èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé rárá? Èrò mi ni pé ipa wọn ju bí a ti ń fojú wò ó lọ, èyí sì ni mo fẹ́ fi ìtàn ọkùnrin méjì kan, ọmọ Abẹ́òkúta méjèèjì, gbè lẹ́sẹ̀.

Yàrá

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Kì í ṣe ọmọdé nígbà náà. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti kàwé jáde ní Fourah Bay ní Freetown, ó sì ti ṣe olùkọ́. Ó ti mọ ohun tí ìwé jẹ́; ohun tí kò mọ̀ ni ìlú. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Láìpẹ́, owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn, àti rí yàrá tí ènìyàn lè fi owó rẹ̀ sùn sí di iṣẹ́ lọ́tọ̀.

Kò sí òfin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà tí ó ní kí onílé má gba aláwọ̀ dúdú, kò sì sí òfin kan tí ó ní kí ó gbà á. Àárín méjèèjì yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jìyà. Yóò ka ìkéde yàrá nínú ìwé ìròyìn, yóò wọkọ̀ débẹ̀, ilẹ̀kùn yóò ṣí, yóò sì gbọ́ pé yàrá ti tán. Kì í ṣe tálákà nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1929, Robert Abbott tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, ọlọ́rọ̀ ènìyàn, wá sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ilé ìtura sì kọ̀ láti gbà á. Ní 1943, ilé ìtura Imperial kọ Learie Constantine, gbajúmọ̀ eléré kíríkẹ́ẹ̀tì, débi pé ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó sì borí. Bí ó bá rí báyìí fún àwọn ènìyàn ńlá, kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin láti Abẹ́òkúta ó sọ?

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ojú mi kò lè jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí èmi náà ń wá yàrá ní ìlú tí mo ti gboyè, onílé kan bi mí lórí fóònù pé níbo ni ohùn mi ti wá. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yàrá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òfin ti yí padà láti ìgbà Ṣólàńkẹ́, ènìyàn sì lè pẹjọ́ lónìí. Ohun tí kò tíì yí padà ni iye ọjọ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń jẹ lára ìwádìí ènìyàn. Kò sí ẹni tí í ka àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn mọ́ àkókò tí àpilẹ̀kọ gbà.

Ní 1924, nígbà tí ìpàtẹ ńlá ilẹ̀-ọba Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ ní Wembley, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìtàn burúkú jáde nípa àwọn ará Nàìjíríà, bí ẹni pé ajẹ̀nìyàn àti oníṣègùn ìkà ni gbogbo wọn. Ṣólàńkẹ́ fèsì nínú ìwé ìròyìn West Africa. Àwọn òpìtàn ka èsì yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òṣèlú rẹ̀, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé. Onílé tí ó ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nídìí tíì àárọ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sàn-án. Ìròyìn yẹn kò ba orúkọ ènìyàn jẹ́ lásán. Ó ń lé e kúrò nílé. Lẹ́tà Ṣólàńkẹ́ ni ó fa Amy Ashwood Garvey sọ́dọ̀ rẹ̀, obìnrin ará Jàmáíkà, ìyàwó Marcus Garvey tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje 1924, àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀, Ṣólàńkẹ́ sì fi í jẹ oyè Ìyálóde. Mo fẹ́ràn oyè yìí púpọ̀. Àwọn tí kò ní yàrá tiwọn ní ìlú náà ń fi ènìyàn joyè.

Èdè gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ òòjọ́

Báwo ni ó ṣe ń jẹun? Lára ohun tí Ṣólàńkẹ́ fi gbọ́ bùkátà ni kíkọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní SOAS lónìí. Ní oṣù kẹfà 1924, òun náà ni ó sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láyé. Ẹ rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni. Èdè tí ó gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó di ọjà tí ó ń tà láti fi ra ìwé òfin Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe òun nìkan. Jomo Kenyatta náà, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin ọdún 1930 sí 1939, fi èdè Kikuyu ṣiṣẹ́ fún àwọn onímọ̀ ìró-èdè ní University College; ohùn rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ìwé tí Lilias Armstrong kọ lórí ìró àti ohùn èdè náà, tí ó jáde ní 1940. Orúkọ Armstrong ni ó wà lára ẹ̀yìn ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ohùn àwọn èdè Áfíríkà láyé ìgbà náà ni a kó jọ láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi ń pa, tí wọ́n ń san owó fún ní wákàtí wákàtí. N kò sọ pé ìrẹ́jẹ ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, ó sì wúlò títí dòní. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí àwa tí à ń kọ́ni ní Yorùbá nílẹ̀ òkèèrè mọ̀ pé inú àìlówó ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, àti pé olùkọ́ àkọ́kọ́ kò wá nítorí rẹ̀.

Ilé tiwa

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí àpapọ̀ wọn jẹ́ mọ́kànlélógún, tí òfin ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. WASU ni ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, etí Yorùbá sì gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí wàásù. Àwọn fúnra wọn mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi sọ orúkọ ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1926. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ti wà lókè nínú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ní 1928, Marcus Garvey wá ilé fún wọn ní West Kensington, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni.

Nígbà náà ni Ṣólàńkẹ́ ṣe ohun tí mo kà sí iṣẹ́ ńlá jù lọ nínú ayé rẹ̀. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí agbẹjọ́rò. Ó lè padà sílé, kí ó kọ́lé, kí ó fẹ́yàwó, kí ó máa gba owó lọ́wọ́ àwọn oníjà ilẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, láti 1929 sí 1932, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí òun kò mọ̀ rí. Ó dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀ káàkiri, ó bá ọba àti ìjòyè sọ̀rọ̀, ó bá oníṣòwò sọ̀rọ̀. Ìyà ọdún mẹ́ta ni èyí nínú ọkọ̀ àti lábẹ́ oòrùn. Ohun tí ó ń bá àwọn ènìyàn sọ kò ṣòro láti lóye nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọ̀wẹ̀ àti èsúsú ti wà: ẹ dá owó jọ kí ọmọ yín má sùn síta.

Ilé náà ṣí ní 1933, ní nọ́ḿbà 62 Camden Road. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó ilé. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, tí ó bá a wá láti ilé, ni ó ń mójú tó ìtọ́jú ilé àti ìdáná. Nínú gbogbo ohun tí a ti kọ nípa WASU, orúkọ obìnrin yìí kì í ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ, èyí kò sì dára tó. Wọ́n ní bí ebi bá ti wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Àwọn ọkùnrin tí ó ń jiyàn òmìnira ní yàrá ìpàdé lálẹ́ Sunday ti jẹ ọbẹ̀ tí ó lata kí wọ́n tó jókòó. Ní ìlú tí kò sí ibi tí a ti lè ra ata bí ẹni lọ sọ́jà, ọgbọ́n ni ó fi ń se é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ oúnjẹ ilé, tí ó gbọ́ èdè ilé, tí ó sì rí ẹni tí ó ju òun lọ tí yóò bi í pé ṣé iṣẹ́ ń lọ, ó lè padà sórí ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ tí àwọn yunifásítì ń gba òṣìṣẹ́ fún lónìí, tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́, obìnrin kan ni ó ń dá a ṣe ní ìdí ìkòkò.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Aggrey House ṣí. Àwọn ará WASU rí i pé ìjọba fẹ́ fi ilé tí ó dára jù, tí owó rẹ̀ rọrùn, fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí ojú ìjọba lè máa wà lára wọn. Wọ́n kọ ìwé pélébé kan ní 1934 láti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má lọ síbẹ̀. Àwọn kan lọ. N kò dá wọn lẹ́bi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kù díẹ̀, tí ìdánwò rẹ̀ ku oṣù méjì, yóò sùn sí ibi tí ibùsùn bá wà, ìlànà ẹgbẹ́ kò sì lè bo òtútù. Ẹ̀wẹ̀, ìbẹ̀rù WASU kì í ṣe àsọdùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ mọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rò, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ fi pa mọ́. Nígbà tí ó ṣe, WASU fúnra rẹ̀ gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba kan náà, wọ́n sì kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù ní South Villas, Camden Square, ní 1938. Àwọn kan pe èyí ní ìṣubú. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1941, inú ilé WASU ni Clement Attlee ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìlérí òmìnira inú Àdéhùn Àtìláńtíìkì kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn láyé, ọ̀rọ̀ tí Churchill kọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó gba owó lè ṣì bi olówó ní ìbéèrè, bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó di kọ́kọ́rọ́ ilé mú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ilé méjèèjì nìyẹn, àwa tí à ń gba ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lóde òní sì mọ̀ ọ́n lára: kì í ṣe ibi tí owó ti wá nìkan ni ó ṣe pàtàkì, bí kò ṣe ẹni tí ó ń pinnu ohun tí a ó bi.

Àpilẹ̀kọ Fádípẹ̀

Ẹnì kejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀. A bí i ní 1893. Ó ṣe akọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó lọ sókè òkun. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní London School of Economics, ó gba oyè kejì ní Columbia ní Amẹ́ríkà lórí ìwádìí nípa Abẹ́òkúta, ó kọ́ni ní Achimota, lẹ́yìn náà ni ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe ọ̀mọ̀wé. Ní 1939, wọ́n fún un ní oyè náà. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tàbí kí ó súnmọ́ ọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń sọ pé àwọn ti dàgbà jù láti tún bẹ̀rẹ̀ ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ orí yìí sọ́kàn.

Orí àwùjọ Yorùbá ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ dá lé. Ẹbí àti agbo-ilé, ìgbéyàwó, ilẹ̀, ìwọ̀fà, èsúsú, ìṣàkóso ìlú, ẹ̀sìn: kò sí ibi tí kò dé. Ó gùn kọjá ohun tí a ń gbà lóde òní. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu jù ni pé ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ àti gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òyìnbó tí ó ti kọ̀wé nípa Yorùbá ṣáájú rẹ̀ sábà máa ń mú àṣà kan, wọn a fi hàn bí ohun àràmàǹdà, wọn a sì kọjá. Fádípẹ̀ máa ń fẹ́ mọ bí àṣà náà ṣe ń mú kí ilé dúró. Ó ń pe àwọn nǹkan ní orúkọ tí àwa ń pè wọ́n.

Iṣẹ́ náà ní àbùkù. Ojú Ẹ̀gbá ni ó fi ń wo Yorùbá lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Oǹdó tí ó bá kà á yóò rí ibi tí kò bá tirẹ̀ mu. Ó tún ń kọ bí nǹkan ṣe yẹ kí ó rí ju bí ó ti rí ní ilé Làmọ́rín ní ọjọ́ báyìí lọ. Ìwòye mi ni pé ìjìnnà sí ilé wà lára ohun tí ó fa èkejì yìí. Ẹni tí ó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tí ó ń rántí ilé máa ń rántí ìlànà. Ẹni tí ó wà nílé ni í rí ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí àpilẹ̀kọ náà? Kò sí ohun kan. Kenyatta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Malinowski ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tẹ ìwé tirẹ̀, Facing Mount Kenya, jáde ní 1938, Malinowski sì kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ sí i. Ìwé Kenyatta kúrú jù, ó ní alágbàwí tí orúkọ rẹ̀ ń dún, ó sì jáde kí ogun tó dé. Ti Fádípẹ̀ parí ní ọdún tí ogun bẹ́ sílẹ̀. Ní 1940, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òṣùwọ̀n pín ìwé títẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ wo ni yóò fi bébà iyebíye tẹ ìwé ńlá nípa Yorùbá? Ní 1944, Fádípẹ̀ kú. Àpilẹ̀kọ náà wà nínú ilé-ìkàwé, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lọ ń kà á níbẹ̀, wọ́n ń tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn. Ní 1970, ìyẹn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ó parí rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn gbé e jáde pẹ̀lú àkọlé The Sociology of the Yoruba. Francis Olú Òkédìjí àti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni ó ṣe olóòtú rẹ̀.

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí láàrin wa. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Òun náà ti jẹ́ irú ẹni tí à ń sọ yìí: ó ti gba oyè gíga nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh ní 1889, orí ìwòsàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó sì kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lé. Ó fi ìwé tuntun náà ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e lójú òkun. Ìwé náà padà wá, ó sì jáde ní 1921. Ní ọdún tí ó ṣáájú ni Obadiah kú. Ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó dà bí ẹni pé ìwé ńlá nípa Yorùbá kò gbọdọ̀ jáde kí òǹkọ̀wé rẹ̀ tó kú.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun. Sàbúrì Bíòbákú gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1951 lórí ìtàn Ẹ̀gbá. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1957. Adé Àjàyí gba tirẹ̀ ní 1958 lórí àwọn ajíhìnrere. Ó di ìwé ní 1965. Ayọ̀ Bámgbóṣé gba oyè ní Edinburgh ní 1963. Gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1966. Adébóyè Babalọlá gba oyè ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1964 lórí ìjálá. Oxford tẹ̀ ẹ́ ní 1966. Ọdún mẹ́fà, méje, mẹ́ta, méjì.

Ṣé àwọn wọ̀nyí gbọ́n ju Fádípẹ̀ lọ ni? Rárá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní 1948, a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Ìbàdàn lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di yunifásítì olómìnira ní 1962. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń kọ nípa Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Edinburgh mọ ibi tí ìwé rẹ̀ ń lọ. Iṣẹ́ ń dúró dè é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ka ìwé náà ń wọlé lọ́dọọdún, ẹlẹgbẹ́ ń bẹ tí yóò bá a jiyàn lórí rẹ̀. Fádípẹ̀ kọ̀wé fún òǹkàwé tí a kò tíì bí. Àwọn olùdánwò rẹ̀ kà á, ó tán. Bí a bá ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n kọ̀wé tí ó já gaara, kí wọ́n yára, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó gùn jù, ìmọ̀ràn dáadáa ni, mo sì máa ń gba àwọn náà níyànjú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn Fádípẹ̀ fi hàn pé ìmọ̀ràn sí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò kájú ọ̀ràn. Àpilẹ̀kọ tí kò ní ilé tí yóò gbà á, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní yàrá ni.

Ohun kan tún wà tí kò yí padà fún èyíkéyìí nínú wọn: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn fi kọ ọ́, títí kan Babalọlá tí ó ń tú ìjálá sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní yunifásítì ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gba àpilẹ̀kọ ní Yorùbá. Nílẹ̀ òkèèrè tí a wà yìí, ìyẹn ṣì ṣọ̀wọ́n gan-an, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi fẹ́ kí irú àròkọ báyìí máa pọ̀ sí i. Fádípẹ̀ ní láti ṣàlàyé ìwọ̀fà fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, kí ó tó lè sọ ohun tí òun rí nípa rẹ̀. Mélòó nínú ojú-ìwé rẹ̀ ni àlàyé yẹn jẹ? Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ lórí Fádípẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti Ṣólàńkẹ́, kò padà sílé mọ́ láti gbé ibẹ̀. Àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Èkó, àwọn òpìtàn sì ń lò wọ́n. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án 1958, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì tí ó ti wá kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ní ọdún yẹn kan náà ni Adé Àjàyí gba oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ ní ìlú náà, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì padà sí Ìbàdàn lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.